Irú Ìpìlẹ̀ Wo Ni Kí N Ṣe? Ẹ Kọ́kọ́ Bi Ilẹ̀ Léèrè

Bóyá ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní ẹ̀ka wa tí wọn kò tíì bi ní ìbéèrè yìí rí. Èèyàn lọ sílé fún ìsinmi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní: "Ìwọ tí ò ń kọ́ iṣẹ́ ilé ní yunifásítì, irú fandéṣọ̀n wo ni kí n ṣe?" Ohun tó máa ń yára bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa ni raft. Raft ti wá dà bíi parasitamọ́ọ̀lù: orí fífọ́ ni o, ibà ni o, ara ríro ni o, òun náà ni. Ẹni tó bá sì ti dárúkọ raft, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, torí ó gbà pé ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè kùnà.

Ó lè kùnà o. Ìdáhùn tó yẹ ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn ni ìbéèrè mìíràn: "Kí ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yín, sà? Ṣé ẹnikẹ́ni ti gbẹ́ ẹ wò?" Irú ìpìlẹ̀ mẹ́rin tí a ń kọ́ ní kíláàsì, ìyẹn strip, pad, raft àti pile, kò ṣòro láti há sórí. Ohun tó máa ń dá wa dúró ni ìgbà tí a bá dé orí ilẹ̀ gidi tí a fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ bá wa kà á.

Bàtà gogoro lórí ilẹ̀ tútù

Ìpìlẹ̀ ń gba ẹrù ilé láti ara ògiri tàbí òpó, ó sì ń tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó láti gbà á. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá wa tí wọ́n wọ bàtà gogoro lọ síbi ìnáwó tí wọ́n ta kánópì sórí koríko lẹ́yìn òjò ti rí ohun tí mò ń sọ. Gìgísẹ̀ bàtà á máa wọlẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ sí sílípáàsì, wọ́n á rìn lọ láìsí wàhálà. Ìwúwo wọn kò dín, ilẹ̀ kò sì gbẹ; ẹsẹ̀ bàtà ló fẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i. Kilonewton kan, kN, kò jìnnà sí ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ká sọ pé ògiri ilé ilẹ̀ kan, pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀, búlọ́ọ̀kù tó wà nínú ilẹ̀ àti kọnkéré ìsàlẹ̀, wúwo tó 30 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn lórí mítà kan péré. Bí kọnkéré ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ tó 675 mm, ẹ fi 0.675 pín 30, ẹ ó rí nǹkan bíi 44 kN/m². Ìyẹn ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ilé náà ń fún ilẹ̀.

Ṣé ilẹ̀ lè gbà á? Ìwé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí a máa ń bá pàdé nínú nóòtì, BS 8004 ti ọdún 1986, fún wa ní iye tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ ìrònú: amọ̀ rírọ̀ kò tó 75 kN/m², amọ̀ tó le díẹ̀, 75 sí 150, amọ̀ tó le dáadáa, 150 sí 300, yanrìn tó tú, kò tó 100, yanrìn tó ki níwọ̀nba, 100 sí 300. Ilẹ̀ dúdú tó kún fún ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà, wọn kò fún un ní iye kankan, torí kò sí ohun tí èèyàn lè bá a ṣe àdéhùn lé lórí. Iye ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn o, wọn kò lè dúró fún àyẹ̀wò.

Ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ lè gbà já wa kulẹ̀. Ó lè ya lábẹ́ ẹrù, kí ó sá sí ẹ̀gbẹ́, kí ilé sì dojú dé. Èyí kò wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí ilẹ̀ máa rì díẹ̀díẹ̀, kí ibì kan sì máa rì ju ibì kan lọ. Bí gbogbo ilé bá jọ rì sẹ̀ǹtímítà méjì, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lè má mọ̀ láéláé. Bí igun kan bá rì sẹ̀ǹtímítà méjì tí igun kejì dúró gbọn-in, ògiri á lanu, ilẹ̀kùn kò ní tì mọ́, páìpù omi á sì já. Bí ẹ bá rí i tí búlọ́ọ̀kù sán bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, rírì aláìdọ́gba ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ojú sísán náà bá fẹ̀ jù lókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkángun ilé ló ń lọ sísàlẹ̀. Bó bá fẹ̀ jù nísàlẹ̀, àárín ló ń rì.

Bí a ṣe ń bi ilẹ̀ léèrè

Níbi tí mo ti ṣe IT, a fẹ́ kọ́ ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta. Baba bíríkìlà tó wà níbẹ̀ rí wa tí à ń gbẹ́ kòtò ìdánwò, wọ́n ní: "Ẹnjiníà kékeré, ilé tó wà lápá ọ̀tún wa yìí ti pé ọdún mẹ́wàá, strip lásán ló wà ńbẹ̀, kò sán. Kí la tún ń gbẹ́ kòtò kiri sí?" Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ilé aládùúgbò jẹ́ ẹ̀rí, ó sì yẹ ká máa wò ó. A gbẹ́ kòtò méjì níwájú, ilẹ̀ pupa tó le bí ilẹ̀ inú ààfin la bá pàdé. Kòtò kẹta, lẹ́yìn, ló sọ̀rọ̀. Kò tíì tó mítà méjì tí a fi ń rí ọ̀rá, bàtà àlòkù, ìgò àti erùpẹ̀ dúdú tó ń rùn. Ààtàn àdúgbò ni ibẹ̀ láyé ijọ́un, wọ́n kàn fi erùpẹ̀ pupa bò ó lójú. Baba fúnra wọn ló ju ṣọ́bìrì sílẹ̀: "Háà! Abájọ tí wọ́n fi tà á pọ́ọ́kú."

Iwájú ilé ì bá dúró, ẹ̀yìn ì bá máa rì bí pàǹtírí náà ti ń jẹrà. Kò gba raft kó tó lójútùú. Wọ́n kó ààtàn yẹn kúrò títí wọ́n fi kan ilẹ̀ pupa, wọ́n sì jẹ́ kí strip ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn láti bá ilẹ̀ líle náà. Owó tó lọ sí kòtò mẹ́ta kò tó owó ilẹ̀kùn kan.

Kòtò ìdánwò ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ibi tí ìpìlẹ̀ yóò jókòó, ẹ wo ìpele ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ ibẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ó rọ̀. Bí èékánná nìkan ló bá lè fa ìlà sí i lára, ó le. Ẹ wo ibi tí omi dúró sí, kí ẹ sì rántí oṣù tí ẹ wà. Kòtò tó gbẹ ní oṣù kejì lè kún fọ́fọ́ ní oṣù keje. Ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí bí omi bá gòkè dé ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ tó wà lórí yanrìn, agbára tí yanrìn náà fi ń gbé ẹrù lè dín kù ní nǹkan bí ìdajì.

Kòtò kì í sábà kọjá mítà mẹ́ta. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó lo ẹ̀rọ. Ọ̀kan ni èyí tó ń ti irin olórí ṣóńṣó wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń ka bí ilẹ̀ ti ń ta kò ó. Èkejì ni SPT: òòlù tó wúwo tó 63.5 kg á máa já bọ́ láti òkè 760 mm, a ó fi 150 mm àkọ́kọ́ sílẹ̀, a ó wá ka iye ìgbà tó lù kó tó wọlẹ̀ 300 mm tó tẹ̀ lé e. Báwo la ṣe máa jìn tó? Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí a dé ibi tó jìn tó ìlọ́po kan ààbọ̀ bí ìpìlẹ̀ náà ṣe fẹ̀ sí, ó kéré tán. Ẹ fi ìlànà yìí sọ́kàn. Òun ló máa tú àṣírí raft fún wa láìpẹ́.

Strip àti pad

Strip ni kọnkéré gbọọrọ tó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ gbogbo ògiri tó ń gbé ẹrù. Òun ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ilẹ̀ ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti gbogbo ibi tí ilẹ̀ pupa tó le kò ti jìnnà sókè. Ní orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ń gbé 150 kN/m², ilé wa tó ń tẹ ilẹ̀ ní 44 kò tíì lo ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀. Ẹni tó bá lọ fi raft síbẹ̀ kàn ń ri owó onílé mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún kejì, ẹ má kàn há 675 sórí. Búlọ́ọ̀kù wa fẹ̀ tó 225 mm. Kọnkéré tí kò ní irin ń tan ẹrù ká ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ìdíwọ̀n 45. Nítorí náà, ibi tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò gbọdọ̀ ju bí kọnkéré náà ṣe nípọn lọ. Bó bá nípọn tó 225, ó lè yọ 225 sí ọ̀tún, 225 sí òsì, ògiri 225 ní àárín: 675. Bí kọ́ńtíràkítọ̀ bá ní kọnkéré 100 mm ti tó, tí ó sì fi fífẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 675, etí kọnkéré náà á kán mọ́lẹ̀, ògiri á sì máa gún ilẹ̀ bíi bàtà gogoro ìjẹ́ẹ̀lòó. Jíjìn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 900 mm sí 1200 mm, kó lè kọjá erùpẹ̀ òkè tó ní gbòǹgbò àti ibi tí àgbàrá lè wọ́ lọ.

Pad jẹ́ ti ilé tó dúró lórí òpó. Òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kọnkéré onígun mẹ́rin tirẹ̀, tí irin wà nínú rẹ̀. Ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó gba ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 12, tó ní òpó 12, tí òpó kọ̀ọ̀kan sì ń gbé 360 kN, ìyẹn bí ẹgbẹ̀rin àpò sìmẹ́ńtì dín ọgọ́rin. Bí ilẹ̀ bá lè gbé 150 kN/m², pad kọ̀ọ̀kan nílò 2.4 m², kí a sọ ọ́ di mítà 1.55 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Kò sí wàhálà. Bí ilẹ̀ bá lè gbé 75 péré, a nílò 4.8 m², pad méjìlá á gba 57.6 m² nínú 120 m² tí ilé wà lé lórí. Ó ti ń sún mọ́ ìdajì. Bí ilẹ̀ bá rẹ̀yìn dé 50, pad kọ̀ọ̀kan á di 7.2 m², gbogbo wọn á sì gba 86.4 m². Ní báyìí, àlàfo tó wà láàárín pad sí pad kò tó nǹkan mọ́, gbígbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sì ti di ìyà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà fi ààlà sí nìyẹn: bí pad bá ti fẹ́ kọjá ìdajì ilẹ̀ ilé, ẹ máa ronú raft.

Raft, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Transcona

Raft ni kọnkéré kan ṣoṣo tó ní irin lókè àti nísàlẹ̀, tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé bí ẹní. Ẹ padà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa: òpó 12 lọ́nà 360 jẹ́ 4,320 kN. Ẹ tẹ́ ẹ sórí 120 m², ẹ rí 36 kN/m². Bí raft fúnra rẹ̀ bá nípọn tó 300 mm, ìwúwo rẹ̀ á fi bíi 7 kún un. 43 nìyẹn, ilẹ̀ tó ń gbé 50 sì lè gbà á. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé bí ihò kékeré tàbí ojú ibi rírọ̀ kan bá wà lábẹ́, raft tó bá ní irin tó á rékọjá rẹ̀ bí afárá, kò ní jẹ́ kí igun kan dá rì. Mi ò bá raft jà rárá. Àìbéèrè ni mò ń bá jà.

Ìdí rèé. Ẹrù tí ìpìlẹ̀ gbé lé ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń wọ ilẹ̀ lọ bí òjò ṣe ń wọ yanrìn. Bí ìpìlẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹrù náà ṣe máa jìn tó. Pad oní mítà 1.5 ń da ilẹ̀ láàmú títí dé nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń tán. Raft tó fẹ̀ tó mítà 10 á ti ẹrù rẹ̀ dé mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí amọ̀ rírọ̀ bá wà ní mítà 6, pad lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Raft á jí i. Ẹni tó bá tìtorí pé òun kò fẹ́ náwó lórí àyẹ̀wò ilẹ̀ yan raft, àyẹ̀wò tó jìn jù ló fà sọ́rùn ara rẹ̀ yẹn, torí kòtò mítà mẹ́ta kò lè sọ ohun tó wà ní mítà 15 fún un.

Ní oṣù kẹwàá 1913, ní Transcona lẹ́bàá Winnipeg ní orílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ọkà sí, lórí raft kọnkéré. Wọ́n ti dán ilẹ̀ ibẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ojú ibi tí ìpìlẹ̀ jókòó lé ni wọ́n dán wò. Amọ̀ líle ni wọ́n bá níbẹ̀, inú wọn sì dùn. Amọ̀ tó rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń da ọkà kún un fún ìgbà àkọ́kọ́, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ títí ó fi tẹ̀ tó bí ìdíwọ̀n 27. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ilé náà kò fọ́. Kọnkéré rẹ̀ le, irin rẹ̀ pé, raft rẹ̀ odindi. Wọ́n tilẹ̀ gbé e dìde padà, wọ́n gbé òpó kọnkéré sábẹ́ rẹ̀ títí dé orí àpáta, wọ́n sì ń lò ó lọ. Kò sí ohun tó ṣe raft. Ilẹ̀ ni wọn kò bi dé ìsàlẹ̀.

Ní Lẹ́kì, Ajah àti àwọn ibi púpọ̀ lẹ́bàá ọ̀sà ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà jọra. Òkè lè jẹ́ yanrìn tí wọ́n fi kún àbàtà, tó dára lójú, tí ọkọ̀ ajágbé ń gùn kọjá. Abẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ amọ̀ rírọ̀ tàbí ilẹ̀ dúdú jíjẹrà. Fún ilé ilẹ̀ tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, raft ṣì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé yanrìn òkè nípọn tó, tàbí bí a bá ti jẹ́ kí yanrìn ìkúnlẹ̀ tẹ amọ̀ náà fún oṣù púpọ̀ kí a tó kọ́lé, kí rírì tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ilé tó dé. Onílé kì í fẹ́ gbọ́ "ẹ ní sùúrù fún oṣù díẹ̀", ṣùgbọ́n sùúrù yẹn kì í sábà wọ́n tó pile.

Pile

Àwọn ará Mákòkó, tí ilé wọn dúró lórí ẹsẹ̀ igi nínú ọ̀sà, àti àwọn ará Ganvié lórí adágún Nokoué ní Benin, ti dáhùn ìbéèrè yìí láìwo nóòtì ẹnikẹ́ni: bí òkè ilẹ̀ kò bá lè gbé ọ, gún un kọjá. Pile ni òpó gígùn tí a tì tàbí tí a dà sínú ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan yanrìn kíki tàbí àpáta, ìdí rẹ̀ ló ń fi gbé ẹrù. Bí kò bá kan nǹkan líle, ara rẹ̀ tó ń ha ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń gbé e, bí ìgbà tí ọ̀bẹ há sínú iṣu. Èyí tó pọ̀ jù ń lo méjèèjì. Third Mainland Bridge, tí wọ́n parí ní 1990, tó gba orí ọ̀sà kọjá fún bíi kìlómítà 11.8, orí pile ló dúró lé.

Pile tí a ṣe sílẹ̀ tí a ń fi òòlù lù wọlẹ̀ máa ń mi àdúgbò. Ẹ má mú un lọ sí ibi tí ilé àtijọ́ ti fara kan ara wọn bíi ti Ìsàlẹ̀ Èkó láìronú. Èyí tí a ń gbẹ́ ihò rẹ̀ kí a tó da kọnkéré kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú yanrìn tó kún fún omi, ẹ̀gbẹ́ ihò á máa wó bí ẹ kò bá fi páìpù irin tàbí omi bentonite dì í mú. Yanrìn tó wó bọ́ sínú kọnkéré á sọ pile di egungun tó ṣẹ́ nínú ara. Kò sí ẹni tó máa rí i lójú.

Ewu kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ ní Èkó mọ̀. Bí a bá da yanrìn tuntun sórí amọ̀ rírọ̀, amọ̀ náà á máa rì fún ọdún púpọ̀. Bí pile bá wà láàárín rẹ̀, amọ̀ tó ń rì á dì í mú, á sì máa fà á lọ sísàlẹ̀. Ohun tó yẹ kó máa ran pile lọ́wọ́ ti wá di ẹrù lórí rẹ̀. A gbọ́dọ̀ ka ẹrù yẹn mọ́ ti ilé.

Ní ti owó, gbígbé ẹ̀rọ wá nìkan lè ju owó ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ lọ. Pile wà fún ilé gíga, tàbí fún ilẹ̀ tí kò ní ibì kan tó le nítòsí. Kò yẹ kó jẹ́ ohun tí a fi ń ṣe fáàrí.

Ibi tí ilẹ̀ ti ń tan èèyàn

Abẹ́òkúta àti Ìdànrè máa ń tan èèyàn ní ọ̀nà òdìkejì. Àpáta wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbà pé orí àpáta ni ibi tó dára jù láti kọ́lé. Òótọ́ ni, bí gbogbo ilé bá wà lórí àpáta. Bí ìdajì rẹ̀ bá jókòó lórí àpáta tí ìdajì wà lórí erùpẹ̀, ìdajì kan kò ní rì rárá, èkejì á rì, ilé á sì là ní àárín. Ẹ yálà kí gbogbo ẹsẹ̀ ilé sọ̀ kalẹ̀ dé àpáta, tàbí kí ẹ gé àpáta náà wọlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tẹ́ yanrìn tí ẹ gún dáadáa sábẹ́ apá ibẹ̀, tàbí kí ẹ dá ilé sí méjì níbi tí ilẹ̀ ti yí padà.

Bí NYSC bá gbé ẹnikẹ́ni nínú yín lọ sí Borno, Adamawa tàbí Gombe, ẹ ó pàdé amọ̀ dúdú tó ń wú bí òjò bá rọ̀, tó sì ń sán bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Strip wa ti 900 mm lè wà láàárín ibi tó ń wú tó sì ń sọ̀ náà gan-an. Ẹ lọ sísàlẹ̀ kọjá ibẹ̀, tàbí kí ẹ kó amọ̀ náà kúrò kí ẹ fi ilẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ lo raft tó le gan-an. Níbẹ̀, raft jẹ́ ìdáhùn gidi.

Ìtànjẹ kẹta kì í ti ọwọ́ ilẹ̀ wá, onílé ló ń mú un wá. Ilé ilẹ̀ ti dúró fún ọdún mẹ́jọ, owó wọlé, wọ́n ní kí a gbé dẹ́kìn lé e lórí. Ògiri tó ń gbé 30 kN lórí mítà kan á máa gbé bíi 70. Ẹ fi 0.675 pín in: láti 44, ó ti di 104 kN/m². Lórí ilẹ̀ pupa líle, ilẹ̀ lè gbà á (bí búlọ́ọ̀kù àti ògiri bá lè gbà á, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn). Lórí ilẹ̀ tó ń gbé 75, a ti kọjá ààlà. Kì í ṣe gbogbo ilé tó wó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ̀bi. Òpó àti dẹ́kìn tí a fi kọnkéré burúkú dà náà ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ wá wo ilé tí wọ́n fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé, ẹ má gun òrùlé lọ kọ́kọ́ wò. Ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé ní igun méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wọn kọnkéré tó wà níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó 675 tí wọ́n kọ sínú pílánì.

Ọ̀rọ̀ sọkàwéè náà kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé, kí omi rẹ̀ má baà máa rọ ilẹ̀ tí ẹ ti dán wò tí ẹ sì ti fọkàn tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọnkéré

Gbogbo ìṣirò yìí lè bàjẹ́ ní wákàtí kan bí kòtò kò bá rí bó ṣe yẹ kí a tó da kọnkéré. Ẹ wọ inú kòtò fúnra yín, ẹ má dúró lókè máa nawọ́. Ṣé ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ jọ èyí tí kòtò ìdánwò fi hàn? Bó bá yàtọ̀ ní igun kan, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ pe ẹnjiníà tó ya iṣẹ́ náà. Ẹ kó erùpẹ̀ tó já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kòtò kúrò. Níbi tí irin bá wà, ẹ da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ ná, kí irin má baà jókòó sínú ẹrẹ̀, kí ẹ sì fi 50 mm sílẹ̀ láàárín irin àti ìsàlẹ̀ kọnkéré. Òkúta tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń ki bọ abẹ́ irin kò tó. Ẹ ṣe bísíkíìtì kọnkéré sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Bí òjò bá rọ̀ sínú kòtò lóru, ẹ gbọ́n omi náà, kí ẹ sì ha ẹrẹ̀ tó ti rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó le bíi ti àná. Kòtò á wá jìn ju bí pílánì ṣe sọ lọ. Ẹnìkan á sọ pé kí wọ́n da erùpẹ̀ padà kó lè dọ́gba. Ẹ má gbà. Kọnkéré ni kí ẹ fi dí i.